Shuaib Tó Gbé Àáró Wọ Ilé Iṣẹ́ Ọṣẹ

Shuaib Àkàngbé kì í jókòó. Bí ẹ bá fún un ní àga, ìdajì ìdí rẹ̀ ni yóò fi kàn án, yóò wá máa mi ẹsẹ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ojú irin fẹ́ fi sílẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, yàrá rẹ̀ sì kọjú sí tèmi nínú ilé kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin Agége. N kò tíì rí ẹni tó ń dá èèyàn lágara bíi rẹ̀. N kò sì tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni bí mo ṣe ṣẹ̀ ẹ́.

Ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Ìkejà la jọ ń ṣiṣẹ́. A kì í ṣe oníṣẹ́ oṣù, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbà wá. Àpò sódà la máa ń rù láti inú lọ́rì dé ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ńláńlá tí wọ́n fi ń se ọṣẹ. Bí o bá dé, wàá ki káàdì rẹ bọ ẹnu aago tó wà lára ògiri, aago á tẹ wákàtí tí o dé sí i lára. Bí o bá ń lọ, wàá tún kì í bọ̀ ọ́. Láti òwúrọ̀ kùtùkùtù ni àwọn tó ń wáṣẹ́ ti máa ń dúró ní géètì, ogójì, àádọ́ta èèyàn, wọ́n á máa wo ojú wa bí a ti ń wọlé, bóyá wọ́n á rí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Bí káàdì rẹ kò bá wọ ẹnu aago fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á pe ọ̀kan nínú wọn wọlé, iṣẹ́ rẹ ti di tirẹ̀ nìyẹn.

Akọ̀wé ọ́fíìsì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ezekiel Ọláyínká. Ó ja ogun Hítílà ní Boma, ibẹ̀ sì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ará Íńdíà, ti fún un ní àpótí ìwé kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó máa ń kó àwa òṣìṣẹ́ jọ sábẹ́ àtíbàbà ìjọ Aládùúrà rẹ̀ ní Agége, á máa fi Yorùbá ṣàlàyé oríṣiríṣi ọ̀nà tí àwọn ọmọ aráyé ti wá láti fi ṣe ìjọba ara wọn. Mùsùlùmí ni èmi àti Shuaib. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lọ, tí wọ́n ní ká bọ́ bàtà, Shuaib ní, "Ẹ ò rí i pé kò yàtọ̀ sí mọ́sáláṣí," ó sì ti bọ́ tirẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ tán.

Ilẹ̀ Faransé ni Ezekiel ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn mẹ̀kúnnù ibẹ̀ dìde sí ọba wọn, wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Ó ní nínú ìgbìmọ̀ wọn nígbà náà, àwọn tí kò fẹ́ kí nǹkan yí padà jókòó lápá ọ̀tún, àwọn tó fẹ́ àyípadà jókòó lápá òsì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe àwọn olóṣèlú ní ará ọ̀tún àti ará òsì títí dòní.

Shuaib ti dìde. "Apá òsì kẹ̀? Tíṣà, ẹni tó fẹ́ ṣe mẹ̀kúnnù lóore ni wọ́n fi sí apá òsì? Ọwọ́ tá a fi ń nùdí?"

"Àwọn Faransé ló fi wọ́n síbẹ̀, Bùrọ̀dá Shuaib. Kì í ṣe èmi."

"Wọn ò ní ẹ̀kọ́ ilé."

Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ ká gbádùn mọ́. Bí ẹlòmíràn ṣe ń pààrọ̀ fìlà ló ń pààrọ̀ ètò ìṣèlú. Nígbà tí Ezekiel sọ ti àwọn líbẹ́rà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ní kí olúkúlùkù máa ṣòwò rẹ̀ kó sì máa sọ èrò ọkàn rẹ̀, kí ìjọba má tojú bọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Shuaib di líbẹ́rà fún oṣù kan gbáko. Ìgbà tí gbígbá àgbàlá kàn án, ó ní onílé fẹ́ gba òmìnira òun. Onílé ní kó gba ìgbálẹ̀ ná. Nígbà tí ó kan àwọn tó jà fún ilẹ̀ baba wọn, láti Ítálì títí dé Íńdíà, tí Gold Coast náà wá gba òmìnira ní 1957 tó di Gánà, ijó ni Shuaib jó wọ ilé iṣẹ́. Ti Fásísì nìkan ni kò gbé wọ̀. Ezekiel ṣàlàyé bí wọ́n ṣe kó ẹnu gbogbo ìlú sẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo ní Ítálì àti Jámánì, tí ogun fi jó ayé. Shuaib ní fọ́máànù wa ti tó òun.

Ìgbà tó wá kan ti bàbá onírùngbọ̀n kan ará Jámánì lọ̀rọ̀ wọ̀ ọ́ lára. Ezekiel ní bàbá náà jókòó nínú òṣì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń kọ ọ́ pé òógùn òṣìṣẹ́ ni ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ń jẹ. Àwọn ará Rọ́ṣíà gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n fi lé ọba wọn lọ, wọ́n pa oko gbogbo àgbẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, àwọn ará Ṣáínà náà sì tẹ̀ lé wọn. Kọ́múnísì nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọra gba ọ̀nà ìbò ní tiwọn, wọ́n fi gba ọsibítù ọ̀fẹ́, sóṣálísì ni wọ́n ń pe ìyẹn.

"Tíṣà, àwọn àgbẹ̀ Rọ́ṣíà ńkọ́? Ṣé wọ́n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó pa oko wọn pọ̀?"

"Rárá o. Ìbọn ni wọ́n fi kó wọn."

"Wọ́n ti bà á jẹ́ nìyẹn!" Shuaib ti ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín wa. "Àáró ni nǹkan yìí. Lónìí gbogbo ẹgbẹ́ á bá mi ro oko mi, lọ́la á kan tìrẹ. Bí ara ẹnì kan ò bá sì yá, ẹgbẹ́ á bá a ro tiẹ̀. A kì í fìbọn pe èèyàn sí àáró."

Ezekiel rẹ́rìn-ín, ó ní ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Èmi tiẹ̀ ń ro oúnjẹ ọ̀sán ni.

Nínú oṣù Okúdù ọdún 1958 ni ibà dá mi dùbúlẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé tí wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sí ọsibítù, Shuaib yọjú kí ó tó lọ síbi iṣẹ́. Sìlífátù ìyàwó mi wà nínú oyún oṣù méje, ọmọ méjì sì ti wà nílẹ̀. Mo di ọwọ́ Shuaib mú. "Bùrọ̀dá mi, iṣẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ mi." Èmi fúnra mi ni mo sọ fún un pé káàdì kẹtàdínláàádọ́ta ni tèmi.

"Fọkàn balẹ̀," ó ní. "Àáró la máa fi ṣe é."

Iṣẹ́ ọ̀sán ni mò ń ṣe lọ́sẹ̀ náà, aago méjì sí aago mẹ́wàá alẹ́. Shuaib àti àwọn mẹ́rin mìíràn ń ṣiṣẹ́ àárọ̀, aago mẹ́fà sí aago méjì. Bí wọ́n bá ti ru tiwọn tán, ọ̀kan nínú wọn kò ní lọ sílé. Á ki káàdì mi bọ ẹnu aago, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ru tèmi. Shuaib rù ú lọ́jọ́ Ajé àti Sátidé, nítorí òun ló pe àáró náà. Moses, ọmọ ìjọ Ezekiel, ló rù ú ní Ọjọ́rú. Fọ́máànù kì í wo ojú wa, àpò ló ń kà, àpò sì pé.

Ẹ̀bi tó kàn, àwa ọkùnrin la ni ín. Kò sẹ́ni tó sọ fún Sìlífátù. A ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin. Ní Sátidé, aládùúgbò kan sọ fún un pé òfin ní kí òṣìṣẹ́ tó bá ń ṣàìsàn fi ìwé dókítà ránṣẹ́. Kò mọ̀ pé oníṣẹ́ oṣù nìkan ni òfin náà ń gbà là. Obìnrin náà gbé oyún rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn láti Agége dé Ìkejà nínú oòrùn, ó fi ìwé náà lé wọn lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì, ó sì kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ìwé dókítà ní láti ọjọ́ Ajé ni mo ti wà lórí ibùsùn ọsibítù. Aago ara ògiri ní mo ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, n kò pa ọjọ́ kankan jẹ.

Ọjọ́ kejì tí mo kúrò ní ọsibítù ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Máníjà òyìnbó jókòó, Ezekiel dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ṣògbufọ̀, Shuaib sì wà níwájú wọn. Kò sẹ́ni tó mú un wá o. Ó gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tó lo káàdì mi, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé lọ ṣàlàyé. Ó rò pé bí òyìnbó bá gbọ́ ọ yé, á gbóríyìn fún òun.

"Ó ní ta ló kọ́ ọ ní irú nǹkan báyìí?" Ezekiel kò wo ojú Shuaib bó ti ń túmọ̀ rẹ̀. Lákòókò yẹn, ìjọba ń wá ìwé kọ́múnísì kiri, àpótí ará Íńdíà sì wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀.

Shuaib wò ó díẹ̀. "Ẹ sọ fún wọn pé bàbá mi ló kọ́ mi. Lóko."

"Ó ní inú ẹgbẹ́ wo ni bàbá rẹ wà?"

"Ẹgbẹ́ àgbẹ̀."

"Ó ní ṣé kọ́múnísì ni ọ́?"

Ẹ gbà mí o! Ká ní ó sọ pé rárá, bóyá owó ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n á gé. Ṣùgbọ́n Shuaib ni. "Èwo nínú wọn?" ló wí, ó sì gbéra, ó di ojú fèrèsé, ó padà. "Tó bá jẹ́ ti Rọ́ṣíà tí wọ́n ti ń fìbọn kó àgbẹ̀, rárá. Tó bá jẹ́ sóṣálísì ti ìlú tiwọn, mo lè gbà á wò. Líbẹ́rà náà dáa, àmọ́ líbẹ́rà ò sọ ẹni tó máa ru àpò aláìsàn." Ó bẹ̀rẹ̀ láti Faransé, ó ń fi ìka kà wọ́n. Ezekiel kò túmọ̀ mọ́. Òyìnbó kò tiẹ̀ nílò ògbufọ̀ mọ́, ó ń gbọ́ orúkọ ètò ìṣèlú wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bi í pé àwọn mélòó ló ṣe é. Shuaib ní òun nìkan ni, ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Òyìnbó wá yíjú sí mi. Ezekiel ní, "Ó ní ṣé ìwọ lo bẹ̀ ẹ́ kó ṣe é? Tó bá jẹ́ ìwọ ni, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń lọ."

Láti ojú fèrèsé, mo ń rí àwọn ará géètì. Wọ́n pọ̀ ju ti ìgbà tí ara mi yá lọ.

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, sà," mo ní. "Mo wà lórí ibùsùn."

Shuaib yíjú, ó wò mí. Ní gbogbo ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà yẹn nìkan ni mo rí i kó dúró jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ fún Ezekiel pé, "Òótọ́ ló sọ. Ibà ti gbé e lọ. Kò mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀."

Wọ́n lé e lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹni tí wọ́n pè wọlé dípò rẹ̀ ń sáré, kí wọ́n má bàa yí èrò padà. Nígbà tí mo dé yàrá rẹ̀, ó ń fi okùn di ẹrù rẹ̀, ó ń já a, ó ń tún un dì. Mo ní, "Bùrọ̀dá mi, ẹ bú mi."

"Nítorí kí ni? Ọmọ méjì ni tìẹ, ìkẹta ń bọ̀, èmi ò ní." Ó tún já okùn náà. "Ara rẹ ò tíì le o. Má ru àpò tó tóbi." Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá mo rò pé àwọn ará Ṣáínà ní àáró kí wọ́n tó di kọ́múnísì. Ó ń bi mí títí ọkọ̀ ojú irin fi gbé e lọ sí Òṣogbo, níbi tí á ti wọ lọ́rì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú ń tì mí débi pé inú bí mi sí i.

Ní oṣù Ògún, ẹ̀yìn dá Moses dùbúlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà mi lówùúrọ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní ọkọ òun ní kí òun wá bá mi, pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi àáró ṣe é. Mo ní kó lọ gba ìwé dókítà, kó mú un lọ sí ọ́fíìsì. Mo ní òfin nìyẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ti gba ẹlòmíràn sí ipò Moses.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, ó gbé iṣu mẹ́rin lé mi lọ́wọ́. Ó ní Shuaib ló fi ránṣẹ́, ó sì ní kó bi mí bóyá àáró ṣì ń lọ, àti pé ta ló kàn báyìí.

Mo ní kó sọ fún un pé Moses ló kàn. Mo ní a ti bá a ru tirẹ̀.