Akoto Níwájú Pẹpẹ

Ní ọjọ́ ìkórè, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀rẹ̀ a máa jó lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú ohun tí oko rẹ̀ mú jáde. Nígbà tó kan àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́, atẹ́ kan ni wọ́n gbé dání. Kò sí iṣu nínú rẹ̀, kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sí adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Òòyà àti òwú ìdirun ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń tú fóònù àti akoto tí ọlọ́kadà ń dé. Baba Ìjọ dìde lórí àga rẹ̀, ó wo atẹ́ náà títí orin fi dákẹ́.

"Kí lèyí?"

"Ìkórè wa ni, sà." Tọ́pẹ́ ló dáhùn, ọmọbìnrin tó ń ṣe irun lóge nítòsí oríta.

"Ṣé akoto ni Olúwa máa jẹ?"

Ìjọ rẹ́rìn-ín. Tọ́pẹ́ kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ṣé iṣu ni Olúwa ń jẹ tẹ́lẹ̀?"

Ìjọ tún rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kejì yìí ni Baba Ìjọ kò lè dárí rẹ̀ jì. Ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ náà kó ẹrù wọn jáde. Wọ́n kó o. Èmi náà gbé báàgì mi, mo tẹ̀lé wọn.

Baba Ìjọ ti kú báyìí. Níbi ìsìnkú rẹ̀, wọ́n dúró lórí pèpéle, wọ́n ní òun ló kó àwọn ọ̀dọ́ wọ inú ìjọ wa. Mo jókòó níbẹ̀, mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Wọ́n ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú ní búburú. Èmi kò ní sọ búburú. Bó ṣe rí ni màá sọ.

Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi dé ìhín láti Èkìtì. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tó ní kí n bá òun parọ́, tí mo kọ̀, ló rí i dájú pé wọ́n gbé mi lọ sí Odígbó, ó rò pé ibẹ̀ ni màá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìmọ̀ Bíbélì ni mo kọ́ wọn níbẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo gbọ́ pé ọ̀gá yẹn kò rántí mi mọ́. Èmi rántí rẹ̀.

Nígbà tí mo wá ń gbé Ọ̀rẹ̀, ìgbìmọ̀ ìjọ fún mi ní kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ ẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ àwọn ọba Júdà fún wọn bí ẹni pé ìdánwò ń bọ̀ lọ́la. Kẹ́hìndé, tó ń tún fóònù ṣe, na ọwọ́ sókè.

"Màmá Tíṣà, èwo nínú wọn ló sùn ní gáréèjì rí?"

Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ìbẹ̀wò mi padà. Ìbẹ̀wò ni a ń pe lílọ wo ọmọ kíláàsì nílé láti bi í ìdí tí kò fi wá. Èmi kò lọ sílé wọn mọ́, ibi iṣẹ́ wọn ni mò ń lọ. Mo ń jókòó, n kò sì bi wọ́n ní ìdí tí wọn kò fi wá. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọjọ́ Ìsinmi gan-an ni ọkọ̀ tó ń lọ sí Benin ń dúró jù lọ ní oríta wa, tí ọjà wọn sì ń tà jù. Mo bi Tọ́pẹ́ ìdí tí irun rẹ̀ fi pupa bí epo. Ó ní, "Màmá, orí mi ni sáìnbọ́ọ̀dù mi." Dàre, tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò lọ sí Araromi-Obu, sọ fún mi pé òun kì í wọ ọ̀nà igbó yẹn láìgbàdúrà. Àwọn àgbà ìjọ ní àwọn ọmọ yìí kò mọ Ọlọ́run.

Abúlé Ajue ni bàbá púpọ̀ nínú wọn ti ń ṣe oko kòkó. Àwọn ọmọ kò ní oko. Lọ́dọọdún, wọ́n á ra iṣu lọ́jà, wọ́n á gbé e wá síwájú pẹpẹ bí ẹni pé àwọn ló gbìn ín. Lọ́dún yẹn, Tọ́pẹ́ ní òun kò ní parọ́ iṣu fún Ọlọ́run mọ́. Wọ́n pinnu pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọn yóò mú wá. Tọ́pẹ́ yóò máa di irun àwọn opó ìjọ lọ́fẹ̀ẹ́ títí di Kérésìmesì, Dàre yóò máa gbé arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn wá sí ìsìn, Kẹ́hìndé yóò tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń han wá létí ṣe. Baba Ìjọ kò jẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé débẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìkórè náà, kò sí ọ̀dọ́ kan lórí bẹ́ńṣì. Ìgbìmọ̀ ní àṣà ayé òde òní ló gbà wọ́n lọ́wọ́ wa, wọ́n sì ní kí ọmọ Baba Ìjọ gbé àṣà òde òní wá láti Èkó. Ó gbé iná aláwọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń tú èéfín wá. Nígbà tí èéfín bo pẹpẹ, ìyá àgbà kan sáré lọ pọn omi wá, ó dà á lé ẹ̀rọ náà lórí. N kò purọ́, inú mi dùn. Síbẹ̀, kò sí ọ̀dọ́ tó wá.

Mo lọ bá Tọ́pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Èmi ò bínú sí Jésù o, Màmá," ó ní. "Bàbá yẹn ló ní kí n kó ẹrù mi."

"Ta lo gbé ẹrù yẹn fún?"

"Ọlọ́run."

"Ṣé Òun náà ní kí o kó o padà?"

Tọ́pẹ́ fa irun oníbàárà rẹ̀ débi pé obìnrin náà kígbe. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ kó àwọn opó yẹn wá."

Mo kó wọn wá. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo ti wá ń kọ́ kíláàsì mi ní ìrọ̀lẹ́, láàárín ọṣẹ àti òòyà, tí àwọn ìyá yóò máa jiyàn lórí ọ̀rọ̀ Jóòbù, tí àwọn ọmọ yóò máa dá wọn lóhùn. Ẹ̀gbọ́n Baba Ìjọ wà lára àwọn opó náà. Nígbà tí ìjọ ṣe ìpàdé, obìnrin yìí ṣí gèlè rẹ̀ lójú gbogbo wa.

"Àbúrò, wo orí mi. Ọmọ tó ṣe é, kí ló dé tí kò lè jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

Baba Ìjọ kọjú sí ògiri. Kò tọrọ àforíjì títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn opó wọlé, Tọ́pẹ́ àti Kẹ́hìndé wà láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó dá wọn dúró.

Dàre nìkan ni kò wọlé. Ó ń gbé àwọn arúgbó wá gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí, èmi náà wà lára wọn nísinsìnyí, ṣùgbọ́n ẹnu géètì ni ó ń dúró sí.

"Wọlé, Dàre."

"Ẹ bá mi kí Jésù, Màmá." Á sì yí ọ̀kadà rẹ̀ padà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo ti kọ́ kíláàsì mi dé ìdajì ní ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó kíyè sí i pé n kò tíì gbọ́ kí ọ̀kadà Dàre padà lọ. N kò wo ojú fèrèsé. Mo kàn gbé ohùn mi sókè díẹ̀, kí ó lè dé ẹnu géètì.