Aṣọ Pupa Tí Àdìjátù Gé

Kò sí ohun tí kì í ba Àdìjátù lẹ́rù. Ààrá ń bà á lẹ́rù. Ọkọ̀ ojú omi ń bà á lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ etí odò Ọya ni wọ́n bí i sí. Bí ajá bá gbó ní ìpẹ̀kun àdúgbò, Àdìjátù á ti fa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Èmi àti ẹ̀ jọ dàgbà ní àdúgbò Kabawa ni, inú agbo ilé kan náà. Ìlọrin ni àwọn bàbá wa ti wá ṣòwò ní Lokoja kí wọ́n tó bí wa. Nítorí náà mo lè sọ ọ́ bó ṣe rí: ojo ni. Aṣọ aláriwo nìkan ni kì í bà á lẹ́rù.

Ańkárá tí ẹlòmíràn á wò tí á gbé ojú kúrò, èyí tí wọ́n ya agboòrùn sí, tàbí abẹ̀bẹ̀, tàbí ẹyẹ tó tóbi tó adìẹ, òun ni Àdìjátù á nawọ́ sí. Àwọn obìnrin á ra irú aṣọ bẹ́ẹ̀ tán, ojú á wá máa tì wọ́n láti wọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e wá bá a. Kì í ṣe télọ̀ o. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sọ ohun tó yẹ kí wọ́n fi sí i: gèlè wo, àpò wo, ẹ̀gbà ọrùn wo. Bí ohun náà kò bá sí lọ́jà, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é láti inú òkìrìkà, àwọn àlòkù aṣọ òyìnbó tí wọ́n ń tú dà sórí ẹní. Bọ́tìnnì kóòtù ológun á di yẹtí. Kọ́là àrán tó já lára kóòtù obìnrin á di ọ̀já orí. Á fi páálí sáàárín aṣọ méjì, á rán an yíká, á di àpò ọwọ́ tí ẹ ó rò pé Èkó ni wọ́n ti rà á.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà ṣe é. Á tẹ́ ańkárá náà sórí itan, á wá àwọ̀ tó kéré jù lọ nínú rẹ̀, èyí tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, àwọ̀ yẹn ni á sì fi ṣe àpò àti ọ̀já. "Èyí tó ń pariwo ti pariwo tó," ló máa ń wí. "Èyí tó dákẹ́ ni ká pè jáde." Lọ́dún tí a gba òmìnira, tí gbogbo ìlú péjọ sí pápá Paparanda, mo rí iṣẹ́ rẹ̀ lára àwọn obìnrin lọ́tùn-ún lósì. Inú wọn dùn débi pé wọ́n lọ ya fọ́tò. Fọ́tò dúdú àti funfun! Gbogbo wàhálà Àdìjátù lórí àwọ̀, kò sí ọ̀kan tó hàn níbẹ̀. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi bínú sí mi.

Lẹ́yìn òmìnira yẹn ni Rónkẹ́ wá. Ọmọ oníṣòwò ará Ọ̀yọ́ kan ni, Lokoja ni wọ́n bí i sí, ó sì ń fẹ́ Ọlọ́runfẹ́mi, akọ̀wé kan tó jẹ́ ọmọ Bùnú. Olóyè ni bàbá Ọlọ́runfẹ́mi nílùú wọn. Ara bàbá náà kò yá, ni ọmọ rẹ̀ fi gbé e wá sí ilé tó ń gbé ní àdúgbò Felele kí ó lè máa tọ́jú rẹ̀ nítòsí. Rónkẹ́ fẹ́ lọ kí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹyẹ aláwọ̀ ewé ló kún inú ańkárá rẹ̀, lórí ilẹ̀ tó ní àwọ̀ ìyeyè bí inú ẹyin adìẹ. Ṣùgbọ́n ojú ẹyẹ kọ̀ọ̀kan pupa, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

"Pupa ni," ni Àdìjátù wí.

Ó lọ sọ́dọ̀ Súbérù, ọkùnrin Ẹ̀bìrà tó ń ta òkìrìkà, ó tú òkìtì aṣọ rẹ̀ títí ó fi rí ohun tó ń wá ní ìsàlẹ̀ pátápátá: aṣọ pupa kan tó nípọn, tó wúwo, tí òwú rẹ̀ rí bíi ti kúbùsù. Súbérù ní kúbùsù àtijọ́ ni, pé ọkùnrin kan ló kó o mọ́ ẹrù tó tà fún òun. Àdìjátù gbé e wálé, ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé e. Ó fi ṣe àpò, ó fi ṣe ọ̀já orí, ó fi bo àwọn bọ́tìnnì tó sín fún ọrùn. Nígbà tí Rónkẹ́ wọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ tó yí po lójú wa, gbogbo ojú ẹyẹ wọ̀nyẹn là lára aṣọ náà. Èmi gan-an dákẹ́, ẹ sì ti lè rí i pé èmi kì í dákẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Rónkẹ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń lọ sí Felele. Kò pẹ́ sí i ni Martha wọlé wá yá abẹ́rẹ́. Obìnrin Bùnú tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ni Martha, onígbàgbọ́ ni, jẹ́jẹ́ ló sì máa ń sọ̀rọ̀. Ó rí ìyókù aṣọ pupa náà nílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ègé rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Ìyá Lìádì," orúkọ ọmọ Àdìjátù ló fi pè é, "ta ló kú?"

"Ẹnikẹ́ni kò kú o," ni Àdìjátù dáhùn. "Kí ló dé?"

"Ta ló gé aṣọ yìí?"

"Èmi ni. Kúbùsù tí mo rà lọ́wọ́ Súbérù ni."

"Kúbùsù kọ́!" Ohùn Martha ròkè. "Aṣọ ìpò ni. Àwọn ìyá wa ló ń hun ún. Wọ́n á tú òwú pupa lára kúbùsù, wọ́n á tún un hun. Òun ni wọ́n fi ń sin olóyè. Bí ẹ bá rí i níta nílùú wa, olóyè ti kú nìyẹn. Ta ni á gbé irú rẹ̀ wọlé tọ olóyè tó ṣì ń mí? Bí ẹni ń pe ikú rẹ̀ ni."

Rónkẹ́ sì ti gbé e lọ sọ́dọ̀ olóyè. Èmi ni mo sọ ọ́. Martha jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo ti rí ẹ̀rù Àdìjátù lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n n kò rí irú ti ọjọ́ náà rí. Ètè rẹ̀ funfun. Ó ń sọ ohun kan náà ní àsọtúnsọ: "Tí bàbá yẹn bá rí i, tó sì kú, ọwọ́ mi ló pa á. Ọwọ́ mi yìí ni." Ó ká ìyókù aṣọ náà, ó sọ ọ́ mọ́ abẹ́ ìborùn, ó sáré jáde. Obìnrin tí kì í dá kọjá ọjà!

Súbérù ló pàdé lójú títì lórí kẹ̀kẹ́. "Mádáàmù, wẹ́tin hápìn?" ni Súbérù bi í. Àdìjátù kàn gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà, ó ní, "Felele!" Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé òun. Òkè Pàtì wà lápá òsì, ó ń rò pé àpáta á yí lé àwọn lórí. Odò wà lápá ọ̀tún, ó ń rò pé kẹ̀kẹ́ á yà síbẹ̀. Bí ó ti ń bẹ̀rù ìwọ̀nyí tó, ẹ̀rù bàbá tí kò rí rí ló pọ̀ jù. Ó ń rò pé bí òun bá débẹ̀, ẹkún ni òun máa bá. Wọ́n rí obìnrin kan níwájú tó wọ ańkárá, ó pariwo pè é, ẹni náà yíjú padà, kì í ṣe Rónkẹ́.

Ọlọ́runfẹ́mi ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọkùnrin náà dúró síta ilé ara rẹ̀ bí àlejò, òógùn bò ó.

"Ó ti wọlé, mà," ó wí. "Ó ti kúnlẹ̀ kí n tó rí ohun tó gbé dání. Bàbá ti di àpò náà mú."

Nínú yàrá, bàbá arúgbó náà fẹ̀yìn ti ògiri lórí ẹní. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, nítorí náà ọwọ́ ló fi ń wo nǹkan. Rónkẹ́ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé àpò òun wù ú. Àwọn ìka bàbá ń lọ ń bọ̀ lórí aṣọ pupa náà, díẹ̀díẹ̀.

"Ta ló kú?" ni bàbá béèrè.

Ẹ̀rín kúrò lójú Rónkẹ́. Àdìjátù wó lulẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ọ̀rọ̀ ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀: òun ló gé e, òun kò mọ̀, ọmọ yìí kò mọ nǹkan kan, kúbùsù ni òun rò pé ó jẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," ó wí, "ẹ má kú sí mi lọ́rùn."

Bàbá náà yíjú síbi tí ohùn rẹ̀ ti wá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Òkún o." Bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ náà nìyẹn. Àdìjátù kò mọ èwo ló ń kí òun.

"Ìyókù rẹ̀ dà?"

Ó tú u jáde lábẹ́ ìborùn. Bàbá náà fà á sí àyà, ó sì dì í mú síbẹ̀.

"Iná jó tiwa nílé," ó wí. "Àwọn tó ń hun ún ti darúgbó tán, àwọn ọmọ wọn kò sì hun ún mọ́. Ikú kò bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù láti ìgbà tí mo ti dùbúlẹ̀ ni pé wọ́n á fi aṣọ ọjà lásán bò mí, bí ẹni tí kò ní ilé. Ẹ̀ ń sáré torí pé ẹ gbé e wá bá mi. Èmi sì ti ń wá a kiri." Ó na aṣọ náà sí Àdìjátù. "Ìwọ lo gé e, ọmọ mi. Ìwọ ni kí o rán an padà. Jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án ní odindi."

Ẹ̀yin á rò pé ara rẹ̀ á fúyẹ́ nígbà náà. Rárá o. Nígbà tó délé pẹ̀lú ẹrù pupa náà, ẹ̀rù tuntun ló gbé wá. Bí òun bá rán an tán, kí ló tún kù tí bàbá ń dúró dè?

Ó gba àpò lọ́wọ́ Rónkẹ́, ó tú páálí inú rẹ̀ kúrò. Ó gba ọ̀já orí, ó ṣí aṣọ kúrò lára àwọn bọ́tìnnì. Rónkẹ́ yá àpò dúdú kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìgbéyàwó òun àti Ọlọ́runfẹ́mi sì lọ bó ti yẹ. Àdìjátù kò fi ẹ̀rọ kàn án. Òwú tó yọ létí aṣọ náà fúnra rẹ̀ ló fi ń rán an, ègé mọ́ ègé. Obìnrin tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ pe àwọ̀ tó fara pamọ́ jáde wá ń tiraka kí ẹnikẹ́ni má rí ojú ìránṣọ òun. Ó ṣe é títí ó fi ku ibì kan ṣoṣo, ègé tó jẹ́ ìdérí àpò náà tẹ́lẹ̀, tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó fi abẹ́rẹ́ há a níbẹ̀, ó ká gbogbo rẹ̀ sínú àpótí.

Rónkẹ́ á wá láti Felele. "Bàbá ní ṣé aṣọ ti tán?"

"Bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé ó kù díẹ̀."

Rónkẹ́ ní bàbá máa ń rẹ́rìn-ín tí òun bá jíṣẹ́ náà. Ọyẹ́ dé, ó lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀. Rónkẹ́ wá tòun ti oyún nínú, ó tún béèrè, ó ṣì kù díẹ̀. Inú bí mi lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Àdìjátù, ìwọ kọ́ ni Ọlọ́run o. Abẹ́rẹ́ kọ́ ló so ọkùnrin yẹn mọ́ ayé." Ó bú sẹ́kún. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ṣùgbọ́n bí òun kò bá tíì rán an, bó bá lọ, kì í ṣe ọwọ́ òun.

Lẹ́yìn náà Rónkẹ́ wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó, kò sì béèrè nǹkan kan. Àdìjátù ló fúnra rẹ̀ ní, "Sọ fún wọn pé ó kù díẹ̀."

"Bàbá ní kí n má béèrè mọ́, mà," ni Rónkẹ́ wí. "Wọ́n ní kí n kàn sọ fún yín pé ó ti rẹ àwọn, pé ẹ̀yin ni àwọn ń dúró dè."

Àdìjátù ṣí àpótí. Mo jókòó tì í. Abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́ léraléra, ṣùgbọ́n lára aṣọ pupa, ẹ̀jẹ̀ kò hàn. Nígbà tó já òwú náà, ó wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n ń lépa. Ó dìde, ó gbé aṣọ náà sí èjìká, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Felele, òun nìkan.

Bàbá náà ti rù gan-an. Àdìjátù tẹ́ aṣọ náà síwájú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú ìránṣọ, láti ọ̀kan dé èkejì, títí ó fi dé ti ìdérí àpò.

"Èyí ni ó kù díẹ̀?"

"Òun ni, Bàbá."

"Ẹ̀rù ṣì ń bà ọ́?"

"Ó ń bà mí gan-an, Bàbá."

Bàbá náà wá ọwọ́ rẹ̀ kàn, ó dì í mú. "Ó ń ba èmi náà," ó wí. "Má tíì lọ."

Àdìjátù jókòó tì í. Ó fa aṣọ náà bò ó lẹ́sẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù.