Sójà Mẹ́wàá Lórí Pẹpẹ Gíláàsì

Pẹpẹ gíláàsì kan wà ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Effurun, lókè tẹlifíṣọ̀n, tí iná kékeré kan ń tàn sí. Ọdún méjì gbáko ni àwọn sójà mi fi dúró níbẹ̀. Mẹ́wàá ni wọ́n, sójà rọ́bà tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ, irú èyí tí wọ́n ṣe bí ẹni tó ń jagun nínú ayé mìíràn lójú ọ̀run. Akoto bo orí wọn, ìhámọ́ra irin bo ara wọn, ìbọn tó ń yọ iná dípò ọta wà lọ́wọ́ wọn. Wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń wà nínú páálí, apá lọ́tọ̀, orí lọ́tọ̀. Ẹni tó bá rà wọ́n ni yóò lẹ̀ wọ́n pọ̀, tí yóò sì fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kùn wọ́n lọ́dà.

Iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Warri láti Èkó. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ kò tẹ̀lé mi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa rí i pé ìjàǹbá ò ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fa epo, bí mo bá sì ṣe é dáadáa, kò sí nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni yóò rí. Ta ló máa ń yin èèyàn fún ìyẹn? Ọ̀rẹ́ mi, tí àwa méjèèjì jọ wà níbi iṣẹ́ kan náà, ló kọ́ mi ní eré yìí. Àwa márùn-ún la máa ń pàdé lórí tábìlì oúnjẹ rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé. A ó to agolo mílíìkì tí a ti kùn lọ́dà sílẹ̀, wọ́n á dà bí ilé iṣẹ́ epo tó ti dahoro. A ó fi rúlà wọn bí sójà kọ̀ọ̀kan ṣe lè rìn jìnnà tó, a ó ju dáìsì láti mọ ẹni tí ìbọn bà. Òfin wa ò pọ̀. Sójà tí wọn ò tíì kùn kò gbọdọ̀ tẹ tábìlì náà. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, a ó to àwọn sójà wa sílẹ̀, a ó dìbò, ikọ̀ tó bá rẹwà jù lọ ni yóò gun pẹpẹ gíláàsì.

Àlejò tó bá wọlé á béèrè pé, "Ta ló ṣe èyí?" Ọ̀rẹ́ mi á nawọ́ sí mi, á ní, "Ẹ̀gbọ́n wa yìí ni." Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ mi ju owó oṣù mi lọ. Mo tilẹ̀ máa ń pẹ́ kí n tó lọ sílé bí mo bá gbọ́ pé àlejò ń bọ̀.

Bó ṣe rí nìyẹn kí àbúrò ìyàwó ọ̀rẹ́ mi, ọmọbìnrin kan, tó dé. Ìlàjẹ ni wọ́n, àmọ́ etí odò ní Warri níbí ni wọ́n bí i sí, Pijin ló sì máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Agbassa tó ti ń kun èékánná fún àwọn obìnrin. Lọ́jọ́ Sátidé kan ó yà kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú àwọn sójà mi lórí pẹpẹ, ó wò ó títí.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "who paint this eye? E no balance."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹnu lásán ni. Nígbà tí mo délé mo gbé sójà mìíràn tí mo kùn lásìkò kan náà síwájú iná, mo wo ojú rẹ̀. Òótọ́ ló sọ, ojú kan ga ju èkejì lọ. Inú bí mi sí i.

Èmi gan-an ni mo fún un ní páálí sójà tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i pé iṣẹ́ náà ò rọrùn. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń po ọ̀dà, bí a ṣe ń jẹ́ kí ọ̀dà dúdú tó fẹ́lẹ́ ṣàn wọ kọ̀rọ̀ ìhámọ́ra kó lè jọ òjìji. Lẹ́yìn oṣù méjì ó gbé wọn wá nínú àtẹ tó fi ń kó ọ̀dà èékánná. Ara wọn ní àwọ̀ omi odò wa, ó sì fi ìpẹtà sí etí ìhámọ́ra wọn bíi ti ọkọ̀ ojú omi tó ti pẹ́ létí èbúté. Ọ̀kan nínú wọn ò dé akoto, ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ti rẹ̀, ojú méjèèjì sì dọ́gba. Òmíràn ò wọ ìbọ̀wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kéré ju hóró ìrẹsì lọ, síbẹ̀ èékánná márààrún pupa fòò. Mo mú gíláàsì tí mo fi ń wo nǹkan kéékèèké, mo wá àṣìṣe láti orí dé ẹsẹ̀. N ò rí.

Mo jowú ọmọ náà. N ò ní wá orúkọ mìíràn fún un. Èèyàn tí mo fi iṣẹ́ hàn ní àná ni yóò wá lé mi kúrò lórí pẹpẹ?

Ohun kan ṣoṣo ló kù fún un láti ṣe, fáníìṣì, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tí a máa ń fọ́n sí wọn lára kẹ́yìn kí ọwọ́ má baà ṣí àwọ̀ wọn. Fáníìṣì yìí ò fẹ́ afẹ́fẹ́ tó tutù. Bí èèyàn bá fọ́n ọn nígbà tí òjò ṣú, ó máa ń mú omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, á sì gbẹ ní funfun, á dà bíi pé wọ́n da ìyẹ̀fun lé sójà lórí. Mo mọ̀ nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé. N ò mọ̀ pé òjò Warri ò dà bíi ti Èkó. Ikọ̀ mi àkọ́kọ́ bàjẹ́ pátápátá, mo kó wọn sínú dúrọ́ọ̀, mo ra òmíràn, n ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìdìbò, nínú oṣù Keje, ó pè mí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, I wan spray that fáníìṣì, but rain don set. Abi make I wait?"

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà ilé mi. Ojú ọ̀run dúdú, aṣọ tí mo sá láti ọjọ́ Ẹtì kò tíì gbẹ lórí okùn. Mo wo aṣọ náà dáadáa kí n tó dá a lóhùn.

"Fọ́n ọn," mo ní. "Kò sí nǹkan kan."

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ó ti fi fọ́tò ránṣẹ́. Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti funfun báláú, èékánná pupa yẹn náà ti wọlé sábẹ́ ìkùukùu. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Bọ̀ọ̀dá, wetin I do wrong?" Mo kọ ọ́ padà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ayédèrú fáníìṣì ni wọ́n tà fún un, pẹ̀lẹ́. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà mo tún ṣí fọ́tò náà wò.

Ní Sátidé mo tètè dé. Mo ti fi aṣọ nu pẹpẹ fún ara mi. Ó wọlé pẹ̀lú àtẹ rẹ̀, ó ṣí i, ariwo sọ. Àwọn sójà náà ń dán gbinrin bíi pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa wọ́n, gbogbo àwọ̀ ti padà, ó tún jinlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Jẹ́ẹ̀lì tó fi ń bo èékánná oníbàárà ló fi bò wọ́n, ó wá kó wọn sábẹ́ iná aláwọ̀ àlùkò tó fi ń mú un gbẹ. Ó ní, "Na Warri soldier. Dem always dey inside rain." A dìbò. Ìbò márùn-ún ló wà, òun ló kó gbogbo rẹ̀. Tèmi wà nínú wọn, ìtìjú ló jẹ́ kí n dì í fún un.

Nígbà tí a jagun, èmi ni mo borí rẹ̀. Dáìsì ṣe tèmi lọ́jọ́ yẹn, mo pa sójà rẹ̀ mẹ́jọ. Kò tilẹ̀ dùn mọ́ mi, nítorí bí mo ṣe ń pa wọ́n ni wọ́n ń gun pẹpẹ, ibẹ̀ sì ni gbogbo èèyàn kọjú sí.

Mo ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi nígbà tó tẹ̀lé mi dé ẹnu géètì. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, àwọn tiyín tó wà nínú dúrọ́ọ̀, ẹ kó wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. I go fix them for you."

Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Ó ní ọkọ ẹ̀gbọ́n òun ló sọ fún òun lọ́jọ́ Àìkú yẹn, nígbà tí òun fi fọ́tò hàn án. Ọ̀rẹ́ mi ti rí wọn lọ́jọ́ tó ń wá ìṣó nílé mi, láti ọdún tí mo dé, kò sì fi han ẹnikẹ́ni. Ó túmọ̀ sí pé láti ọjọ́ Àìkú ni ọmọ yìí ti mọ̀ pé mo mọ̀. Síbẹ̀ ó wọlé ní Sátidé, ó kúnlẹ̀ kí mi.

Mo lọ sí Agbassa lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Mo gbé páálí bàtà tí mo kó àwọn sójà náà sí lé ẹsẹ̀ láàárín àwọn obìnrin tó ń dúró de èékánná, wọ́n ń wò mí. Nígbà tó kàn mí, ó gbé sójà funfun kan síwájú rẹ̀, ó ní kí n bá òun di ẹsẹ̀ sójà náà mú.

"Mo mọ̀ pé yóò bàjẹ́," mo ní. "Mo mọ̀ kí n tó sọ pé kó o fọ́n ọn. Má bínú."

"I know, Bọ̀ọ̀dá," ó ní. "Ẹ dì í mú dáadáa, kó má baà yí."

Ó fi jẹ́ẹ̀lì bò ó, ó gbé e sábẹ́ iná. Kó tó gbé e fún mi, ó mú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó kéré jù, ó tún ojú òsì sójà náà kùn. Mo wo sójà tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe. Ojú méjèèjì dọ́gba, ó rẹwà ju bí mo ṣe kùn ún lọ, owú náà sì tún gbéra nínú mi, níwájú rẹ̀ níbẹ̀, bí mo ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.