Tòlótòló tí Ọkọ Mi Kò Pa

Àkànjí, ọkọ mi, ọmọ a-jí-wọgbó-kí-ìrì-tó-gbẹ, ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́ tí ewé gbígbẹ kì í gbọ́ ìró rẹ̀, ọmọ a-pẹran-má-purọ́. Èyí tí mo kà kẹ́yìn yìí ni wọ́n fẹ́ gbà lára rẹ̀ lẹ́yìn ikú, inú sì ń bí mi di òní.

Ó pẹ́ tó ti ń wọ draw, ìyẹn ìbò tí wọ́n fi ń yan àwọn tó máa pa tòlótòló igbó, ní Calgary níbí. Ìjọba kì í fún gbogbo ẹni tó bá béèrè láṣẹ, kí ẹyẹ náà má baà tán. Akọ nìkan ni wọ́n sì ní kéèyàn pa nígbà tí snow bá yọ́, kí abo lè ráyè yé ẹyin. Mo ní ẹni tó ti ń dọdẹ kó tó fẹ́ mi, ṣé ó tún yẹ kó máa tò nítorí ẹyẹ? Òun ní òfin náà dáa, pé ká ní a máa ń fi abo sílẹ̀ nílé ni, ẹtù ò bá má wọ́n tó báyìí.

Nígbà tó yá, draw mú un. Àkọ́bí wa fi mọ́tò gbé e lọ sápá gúúsù, níbi tí àwọn òkè wà. Ọwọ́ òfo ni wọ́n bá dé. Àkànjí ń tú okùn bàtà, ó ní:

"Akọ kan jáde, ó ń yan bí ọkọ ìyàwó. Abo ló yí i ká. Ọta ìbọn mi á fọ́n ká, mi ò sì mọ èyí tó máa bà. Mo sọ ìbọn kalẹ̀."

Kí àsìkò ọdẹ míì tó dé, àìsàn ti mú un lọ.

Nígbà tó ku ọ̀la ká sin ín, èèyàn kún basement wa ní Martindale. Àbúrò rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní warehouse ní Foothills, gbé àwo ẹran tòlótòló dídín wọlé, ó ní ẹran tí ẹ̀gbọ́n òun pa kẹ́yìn rèé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó pàtẹ́wọ́, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rá store tí wọ́n tú lára tòlótòló ọ̀hún wà nínú garawa ìdọ̀tí mi lókè!

Mo pe àbúrò ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́," ló wí. "Ṣé ká wá máa sọ pé ọdẹ ńlá wọgbó Canada, ẹyẹ ló lé e wálé?"

Ọmọ mi ní, "Mummy, just let it go."

Mo padà sáàrin àwọn àlejò.

"Store ni wọ́n ti ra ẹran yìí. Ẹ jẹ ẹ́, ó dùn. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kọ́ ló pa á. Ó rí tiẹ̀, ó fi í sílẹ̀ nítorí àwọn abo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni kí ẹ sọ níbi sàréè."

Àbúrò ọkọ mi bínú, kò fọwọ́ kan oúnjẹ mi mọ́. Kó máa bínú. Ẹni tó sọ ìbọn kalẹ̀ nítorí òdodo, irọ́ ni ká wá fi sin?

Níbi sàréè, òun náà ló sọ̀rọ̀. Kò wojú mi. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun rí akọ ẹyẹ, kò sì yìnbọn, nítorí abo.

Ọjọ́ Sátidé la sin ín.