Ṣọ́ọ̀ṣì Orí Tábìlì

Ní ọdún tí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ là ní Ọ̀mù-Àrán, Rhoda Ọláìyá ti kọjá ẹni àádọ́ta ọdún. Tíṣà iṣẹ́ ọwọ́ ni ní ilé ìwé ìjọ. Gbogbo àwa tí a gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá la mọ̀ ọ́n sí obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í dilẹ̀. Ẹ̀síẹ́ ni wọ́n ti bí i. Ó máa ń sọ fún wa pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, bí òun bá bá ìyá òun kọjá níbi tí àwọn ère òkúta wà, òun á dúró máa wo ìlà wẹ́wẹ́ tí ẹni tó gbẹ́ wọn fi sí ojú àti irun orí wọn, títí ìyá òun á fi padà wá fa òun lọ́wọ́.

Bó ṣe dàgbà tán, inú ọ̀pá ògùrọ̀, ohun funfun fífúyẹ́ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣe mọ́tò, ló fi ń kọ́ ilé kéékèèké. Kì í ṣe ilé ìṣeré o. Yóò fi okùn wọn ilé gidi, yóò pín ìwọ̀n náà lórí rúlà, tó fi jẹ́ pé bí fèrèsé kan bá wọ́ díẹ̀ níta, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò wọ́ lórí tábìlì rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń wí yìí, àwọn tó fi amọ̀ mọ ọ́n ti kú tán kí a tó gba òmìnira. Ìpínlẹ̀ Kwara ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, ogun abẹ́lé ṣì ń jà lọ́nà jíjìn, sìmẹ́ǹtì sì wọ́n bí ojú. Síbẹ̀, nígbà tí ògiri apá ìlà-oòrùn là láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ọwọ́ èèyàn ń wọ ibẹ̀, àwọn àgbà ìjọ ní kò sí ohun tí a lè ṣe ju ká wó o, ká kọ́ òmíràn. Bàbá Ọlábọ̀wálé ni alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, àgbàlagbà kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pé méjì. Òun ló wá bá Rhoda nílé.

"Rhoda," ó ní, "kí òjò ńlá tó dé la fẹ́ wó o. Ìwọ ni kí o bá wa ṣe àwòrán rẹ̀, irú èyí tí o máa ń fi ògùrọ̀ ṣe, kí ọmọ tí a kò tí ì bí lè mọ ibi tí a ti ń jọ́sìn."

"Mo gbọ́, sà," ni Rhoda wí. Inú rẹ̀ dùn, àyà rẹ̀ sì já. Ohun tí kò tí ì sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì sí ohun tó bá wà nítòsí.

Ògiri rọrùn. Ibi tí wàhálà wà ni ilẹ̀kùn ńlá tí wọ́n gbẹ́ ẹyẹ àti èèyàn sí lára, àti àga ìwàásù tí àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ yí ká. Lórí ìwọ̀n tí Rhoda ń lò, igi kọ̀ọ̀kan kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ lọ. Abẹ ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ti ń gé igi ló ń gé ìka. Jòhánù, ọkọ rẹ̀, rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ tábìlì.

"Ìyá Eunice, ṣé ojú ń dà ọ́ láàmú ni?"

"Ojú kọ́, Bàbá Eunice. Abẹ yìí ló mú jù."

Jòhánù mú férémù fèrèsé kan tí Rhoda ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ tán, ó gbé e síwájú rẹ̀. "Èwo ni òkè, èwo ni ìsàlẹ̀?"

Rhoda tẹjú mọ́ ọn. Ó sún un sẹ́yìn, ó fà á súnmọ́. Kò mọ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá awò tí yóò bá a sọ nǹkan di ńlá. Ó kọ́kọ́ fi jígí tí Jòhánù fi ń ka Bíbélì sójú. Ìwé hàn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹyọ ìgbálẹ̀ ṣì dà bí òwú. Àbúrò rẹ̀, Ògúntúndé, tó ń ṣe olùkọ́ ní Òrò, gbé awò ńlá kan wá fún un, èyí tó ní ẹsẹ̀ irin, tí wọ́n fi ń wo ewé àti kòkòrò. Ọwọ́ méjèèjì ṣófo lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ohun pẹlẹbẹ nìkan ló lè wọ abẹ́ rẹ̀, òjìji orí Rhoda sì máa ń bo iṣẹ́. Ló bá gbé tábìlì sí ẹ̀bá fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ó fi pákó kékeré gbé ẹ̀yìn awò náà sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé dáadáa.

Lẹ́yìn èyí, ó lọ bá Ràímì tó ń tún aago ṣe lójú ọ̀nà ọjà. Ràímì yọ awò dúdú tó máa ń há sí ojú kan, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ẹ há a síbẹ̀, Màmá Tíṣà. Ẹ wá súnmọ́ ọn."

Rhoda rí eyín aago tó dà bí eyín ayùn. Àfi bó ṣe mú abẹ, tó fẹ́ gé ẹyọ ògùrọ̀ kan: ó rò pé abẹ ti kan igi, kò tí ì kàn án, ó tì í díẹ̀ sí i, ó gún àtàǹpàkò ara rẹ̀.

"Ojú kan kì í mọ bí nǹkan ṣe jìn tó," Ràímì wí, ó sì fún un ní aṣọ kó fi nu ẹ̀jẹ̀. "Ó ti mọ́ èmi lára, ara aago ni mò ń fi ọwọ́ tì. Ẹ̀yin ń gé nǹkan nínú afẹ́fẹ́. Awò kan wà ní Ìlọrin tí wọ́n ń dè mọ́ orí, ojú méjèèjì ni wọ́n fi ń wo nǹkan nínú rẹ̀. Irú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá."

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Rhoda wọ lọ́rì lọ sí Ìlọrin. Ó kó abẹ, rúlà àti ègé ògùrọ̀ díẹ̀ sínú àpò. Ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá Ọjà Ọba, ọkùnrin tó ń tajà gbé awò adémọ́rí mẹ́ta síwájú rẹ̀, ó sì yára nawọ́ sí ọ̀kan.

"Èyí ló lágbára jù, Màmá. Kò sí ohun tí kò ní sọ di ńlá."

Rhoda dè é mọ́ orí, ó fa abẹ yọ. Ọkùnrin náà fò sẹ́yìn.

"Ẹ má bẹ̀rù. Iṣẹ́ ni mo fẹ́ fi dán an wò."

Òótọ́ ni, ẹyọ ògùrọ̀ náà di òpó. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè rí i kedere, ó ní láti gbé ojú lé e tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yìn abẹ fi ń kan imú rẹ̀, orí òpó nìkan ló sì ń rí, kò rí ìdí rẹ̀. Ó bọ́ ọ. Èyí tí agbára rẹ̀ kéré jù kò yàtọ̀ sí jígí ọkọ rẹ̀. Èyí tó wà láàárín ló wá dè mọ́ orí. Ó fi ìka wọn àyè tó wà láàárín ojú àti iṣẹ́. Ọwọ́ àti abẹ gba ibẹ̀ fàlàlà. Ó gé ẹyọ kan, ó gé èkejì. Wọn kò wọ́.

"Màmá, èyí kò lágbára tó ti àkọ́kọ́ o," ọkùnrin náà wí.

"Mo mọ̀. Àmọ́ ó fún ọwọ́ mi láyè."

Níta, ọmọ ọkọ̀ ti ń pariwo pé lọ́rì Ọ̀mù-Àrán fẹ́ gbéra. Ó sáré bọ́ sínú rẹ̀, ó gbé awò náà mọ́ àyà títí wọ́n fi kọjá Ganmo.

Iṣẹ́ wá ń lọ. Ògiri dúró lórí tábìlì, òrùlé bò ó, ó ku ilẹ̀kùn àti àga ìwàásù. Rhoda ti wọn àga náà, ṣùgbọ́n kò tí ì wo àwọn ẹyẹ ara ilẹ̀kùn ní àwòfín. Ó rò pé àyè ṣì wà. Òjò kò gbọ́ tirẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ kan rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò retí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bí oòrùn ti tún yọ ganrangan, obìnrin kan tó ń kọjá kígbe wọlé:

"Tíṣà! Wọ́n ti gun orí ṣọ́ọ̀ṣì o! Wọ́n ń ṣí páànù!"

Rhoda dìde pẹ̀lú awò lórí. Ó fi awò elẹ́sẹ̀-irin sílẹ̀ lójú fèrèsé bó ṣe wà, ìfọ́ ògùrọ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀ káàkiri. Ó sáré jáde.

Nígbà tó débẹ̀, ìdajì òrùlé ti ṣí. Bàbá Ọlábọ̀wálé dúró níwájú, ó ń tọ́ka pẹ̀lú ọ̀pá.

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Ilẹ̀kùn ló kù. Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

"Òjò àná ti fẹ ibi tó là lára ògiri sí i. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé."

Rhoda kò dúró gbọ́ ọ tán. Ó kọjá lábẹ́ apá rẹ̀, ó bọ́ sí ẹnu ọ̀nà tó wà lẹ́bàá ògiri tó là náà, ó sì gbé ojú lé àwọn ẹyẹ tí wọ́n gbẹ́ sára ilẹ̀kùn. Erùpẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí èjìká rẹ̀ ṣàà. Lókè, ohun kan ké bí ìgbà tí ẹ̀ka igi fẹ́ ya. Àwọn káfíńtà pariwo. Bàbá Ọlábọ̀wálé ju ọ̀pá nù, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa obìnrin náà sẹ́yìn, àwọn méjèèjì sì ṣubú sórí koríko.

"Ṣé òkú rẹ ni kí n gbé fún Jòhánù ni?" bàbá náà bi í.

"Ẹ ti pa iṣẹ́ mi!" Rhoda kò pariwo mọ́ àgbà rí láyé rẹ̀. "Ẹ pè mí sí i, ẹ tún wá gbà á lọ́wọ́ mi!"

Wọ́n ṣì wà nílẹ̀ tí wọ́n fi gbọ́ igbe láti ọ̀nà ilé Rhoda. Èéfín ń jáde lójú fèrèsé rẹ̀.

Jàrátù, aládùúgbò rẹ̀, ló kọ́kọ́ rí i. Oòrùn ti yí wọ ojú fèrèsé, ó gba inú awò ńlá náà kọjá, ó sì kó gbogbo ooru rẹ̀ jọ sójú kan lórí ìfọ́ ògùrọ̀ tó gbẹ. Kí Rhoda tó dé, Jàrátù ti da omi ìkòkò méjì lé tábìlì náà. Ilé kò jó. Ṣùgbọ́n òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì kékeré náà ti di eérú, omi ti tú gọ́ọ̀mù, àwọn ògiri sì ti wú, wọ́n dùbúlẹ̀ bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi.

"Mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́, àbí?" Jàrátù bi í, ìkòkò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"O gba ilé mi là," Rhoda wí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ògiri ìlà-oòrùn ṣọ́ọ̀ṣì dá wó fúnra rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Nígbà tí Jòhánù wá sọ fún Rhoda, ó ronú nípa ibi tí ẹsẹ̀ òun wà lánàá. Láti ìgbà náà kò fọwọ́ kan abẹ mọ́. Ó ń lọ sí ilé ìwé, ó ń bọ̀, ó ń dáná. Àwa ọmọ ilé ìwé mọ̀ pé nǹkan ṣe é, nítorí kò bá wa wí mọ́ bí a bá gé pépà wọ́.

Ọjọ́ kan, ó gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn púpọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọkùnrin gbé ilẹ̀kùn ńlá náà lérí wá, amọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Àga ìwàásù tẹ̀ lé e, apá rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Bàbá Ọlábọ̀wálé wọlé lẹ́yìn wọn.

"Rhoda, mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ rẹ. Ohun tó ṣeé gbé, a ti gbé e wá fún ọ. Ohun tí kò ṣeé gbé, jẹ́ kó lọ."

Rhoda kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú sí ariwo ọjọ́sí."

"Ariwo ṣeé gbọ́," bàbá náà wí. "Mo ti bẹ̀rù pé n kò ní gbọ́ ohùn rẹ mọ́."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà, ó de awò mọ́ orí. Ẹyẹ tí a ń wò láti kékeré, a kò mọ̀ pé kòkòrò wà lẹ́nu rẹ̀. Rhoda ló kọ́kọ́ rí i. Ó dá awò ńlá padà fún Ògúntúndé, ó sì kìlọ̀ fún un kó máa fi aṣọ dúdú bò ó. Àwọn ìwọ̀n ògiri ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Bí oòrùn bá ti kan tábìlì, yóò dìde fa aṣọ fèrèsé.

Ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ti ga dé orúnkún kí tirẹ̀ tó parí. Kí ó tó gbé e fún ìjọ, ó pe Jàrátù wọlé, ó de awò mọ́ ọn lórí. Jàrátù kì í ṣe onígbàgbọ́, mùsùlùmí ni, kò wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì náà rí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹyẹ, ó wo inú, ó pẹ́ lórí àga ìwàásù. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí iwájú ilẹ̀kùn, ó ń wá nǹkan.

"Kí ló dé?" Rhoda bi í.

"Òkúta kan wà níbí, lọ́wọ́ òsì. Orí rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí dúró dè ọ́ bí a bá fẹ́ jọ lọ sọ́jà. Kò sí níbẹ̀."

Rhoda gba awò lórí rẹ̀, ó wò ó. Òótọ́ ni. Ó fa àga, ó jókòó, ó sì mú abẹ.

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Ó gba ìdí mi dáadáa," Jàrátù wí, ó sì ya ọwọ́ méjèèjì láti fi hàn án.