Ọ̀pẹ Màmá Dúpẹ́ Tí Mo Pè Ní Akọ

Màmá Dúpẹ́ kò kí mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá mọ obìnrin náà á ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, nítorí màmá tí mo ń wí yìí a máa kí ewúrẹ́ kó tó kí olówó ewúrẹ́. Ó wọ inú nọ́sìrì wa lójú ọ̀nà Erínjẹ, ó gba àárín àwọn báàgì dúdú tí a gbin ọmọ ọ̀pẹ sí kọjá, ó sì ju nǹkan kan sórí tábìlì mi. Ìyẹ̀fun rẹ̀ fọ́n sára ìwé mi, sára ọwọ́ mi, àti sínú tíì tí mo ń mu.

"Kí ni èyí?" ló bi mí.

"Òdòdó ọ̀pẹ ni, Màmá. Akọ."

"O ṣeun. Ogójì ugi ni mo gbà lọ́wọ́ ẹ. Gbogbo ogójì ló yọ èyí. Ugi mi éè so mọ́. O ta akọ fún mi, ọma mi."

Nígbà tí ará Ìkálẹ̀ bá pe igi ní ugi báyìí tí inú sì ń bí i, ó máa ń dà bíi pé igi náà gan-an ló ń bá ọ jà. Mo ní kó jókòó. Ó ní òun kò jókòó. Ó ní Sọjí tó ń fi ẹ̀rọ gégi ń bọ̀ lóko òun ní Igbódigò lọ́jọ́ kejì, òun á gé gbogbo wọn lulẹ̀, òun á gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, ó kéré tán òun á rí pupuru jẹ. Òun kàn wá sọ fún mi kí n lè wá fojú ara mi rí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ó yí padà, ó lọ.

Mo ti pé ọdún méjìlá nídìí iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Iṣẹ́ wa ni pé kí a gba èso ọ̀pẹ tó ti hù díẹ̀, kí a gbìn ín sínú báàgì, kí a tọ́jú rẹ̀ fún bí ọdún kan, kí a ṣa èyí tó rán tí kò dàgbà dànù, kí a sì ta èyí tó dára fún àgbẹ̀. Irú tí a ń tà ni tẹnẹ́rà, tí àwọn èèyàn wa ń pè ní ọ̀pẹ ágíríìkì. Èèpo èkùrọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹran ara ẹyìn rẹ̀ pọ̀, epo sì ń dà lára rẹ̀. Ọ̀pẹ oríṣi méjì la ń kó pọ̀ bí i: ọ̀kan ní èèpo líle, èkejì kò léèpo rárá. Nítorí náà, tí o bá ṣa ẹyìn tó bọ́ nídìí tẹnẹ́rà tí o sì gbìn ín, oríṣiríṣi lo máa rí, títí kan èyí tí kò ní so dáadáa láéláé. Àìmọye àgbẹ̀ ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n wá ń bú wa.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi fúnra mi ló fa okùn wọn oko náà. Èmi àti Màmá àti ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé la jọ ti ọmọ ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan bọ ilẹ̀. Wọ́n sì ti so! Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi so, mo tiẹ̀ jẹ nínú epo wọn. Èyí ló da orí mi rú. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin kì í jí lọ́jọ́ kan kó di bàbá.

Kí n má purọ́, wọ́n ti kọ́ mi. Ọ̀gá Akínọlá, tó gbà mí síṣẹ́, ti sọ fún mi tipẹ́ pé ọ̀pẹ kan náà ló ń yọ òdòdó akọ, òun náà ló ń yọ abo, ó kàn ń ṣe é ní ìgbà sí ìgbà ni. Lọ́jọ́ tó ń ṣàlàyé rẹ̀, ó mú mi dúró nídìí igi kan tó wó. Ó là á lórí, ó fi ohun funfun kan hàn mí láàárín gbùngbùn, ó rọ̀, ó kéré sí ìka mi. Ó ní ibẹ̀ nìkan ni gbogbo ọ̀pẹ ti ń wá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ kò tíì yanṣẹ́. Wọ́n lè di ewé, wọ́n lè di igi, wọ́n lè di òdòdó. Tí ìdin bá jẹ ibẹ̀, ọ̀pẹ kú nìyẹn, nítorí kò ní òmíràn.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iṣẹ́ tí wọn máa ṣe, sà?" mo bi í.

"Ṣé o máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìwé orin kan náà kọ́ ni gbogbo yín dì mọ́wọ́? Ṣé gbogbo orin inú rẹ̀ lẹ ń kọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Rárá, sà. Nọ́ńbà tí wọ́n bá pè ni."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Àbùdá tó wà nínú gbòǹgbò ló wà nínú ewé, ló wà nínú òdòdó. Ìwé kan ni. Ibi tí wọ́n ṣí nínú rẹ̀ ló yàtọ̀."

"Ta ló wá ń pe nọ́ńbà, sà?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí orí òun pá. Ó wá sọ̀rọ̀ oúnjẹ, òjò, iye ewé, àti ọ̀rọ̀ tí apá kan sẹ́ẹ̀lì ń rán sí apá kejì. Mo mi orí bí alángbá. Ká sọ tòótọ́, kò yé mi, ojú sì tì mí láti sọ pé kí ó tún un sọ.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, nígbà tí mo dé Igbódigò lọ́jọ́ kejì tí mo rí ogójì ọ̀pẹ tí gbogbo wọn yọ akọ, tí kòkòrò ń hó lé wọn lórí, gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi fò lọ. Akọ kan lẹ́yìn abo kan ni mo mọ̀. Ta ló gbọ́ ọ rí pé gbogbo oko panu pọ̀ ṣe akọ? Sọjí ti gbé ẹ̀rọ lé èjìká. Àwọn aládùúgbò ti pé. Ọmọ ìjọ Màmá kan, tó wọ aṣọ funfun láìwọ bàtà, ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, ó yẹ kí wọ́n gbààwẹ̀ sí i. Ẹlòmíràn ní ọ̀tá kọ́, nọ́sìrì ni. Gbogbo ojú wá yí sí mi.

"Àǹtí Ọlọ́pẹ," Sọjí ní, "ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé ká gé e àbí ká má gé e?"

Ó yẹ kí n ní kí wọ́n dúró. N kò mọ̀ bóyá kí wọ́n gé e tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ lójú èrò. Mo fi ọwọ́ sí ìbàdí, mo ní, "Akọ ni wọ́n. Ó ní láti jẹ́ pé irúgbìn dàpọ̀ níbi tí wọ́n ti kó o wá. Ẹ máa gé e." Mo ti ẹ̀bi sórí àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní.

Sọjí tan ẹ̀rọ. Igi àkọ́kọ́ ya, ó sì wó lulẹ̀ gbì. Màmá kò wò ó. Ó kọjú sí ibi tí ọkọ rẹ̀ máa ń dúró sí tí wọ́n bá ń kórè. Bí Sọjí ṣe ń lọ sídìí èkejì ni fóònù mi dún. Ọ̀gá Akínọlá ni. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó wà nílé rẹ̀ ní Òkìtìpupa, mo sì ti pè é láàárọ̀ láìbá a. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ewé mélòó ló wà lórí wọn?" ó béèrè.

"Ó pọ̀, sà. Orí wọn kún."

"Lọ́dún méjì sẹ́yìn ńkọ́?"

N kò mọ̀. Mo bi Màmá. Ojú rẹ̀ tàn díẹ̀, ó ní bóyá mo ti gbàgbé ìsọjí ńlá tí ìjọ àwọn ṣe lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí èrò ti Àjàgbà wá. Oko òun ni wọ́n ti gé gbogbo imọ̀, ewé ọ̀pẹ, tí wọ́n fi pa àgọ́, tí wọ́n fi ṣe ẹnu ọ̀nà lọ́ṣọ̀ọ́. Òun ló ní kí wọ́n gé e, kò ku ju mẹ́ta mẹ́rin lọ lórí igi kọ̀ọ̀kan. Ọrẹ òun fún Ọlọ́run ni.

Mo sọ ọ́ sínú fóònù.

"Ohun tí o ń rí lónìí, ọdún méjì sẹ́yìn ni ọ̀pẹ ti pinnu rẹ̀," Ọ̀gá ní. "Ewé ni ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ìkòkò lọ, kò rí oúnjẹ fi tọ́ èso, ó bá yọ akọ, nítorí akọ kò ná an ní nǹkan púpọ̀. Láti ayébáyé, èyí tó bá fi ebi so ló ń kú, èyí tó bá mọ bí a ṣe ń fara mọ́ ebi ló ń ní àrọ́mọdọ́mọ. Ẹ má gé òmíràn. Ẹ ṣí orí èyí tó ti wó. Ẹ bọ́ imọ̀ rẹ̀ láti ìta wọ inú, kí ẹ wo abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ewé ti kún padà báyìí, inú lẹ ti máa rí i bóyá ó tún ti ń yọ abo."

Mo ní kí Sọjí pa ẹ̀rọ. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún Màmá. Ó gbọ́ mi jálẹ̀, ó wá wò mí.

"Ṣé ohun tí o ń sọ ni pé ọrẹ tí mo fún Ọlọ́run ló sọ ugi mi di akọ?"

Mo gba àdá lọ́wọ́ Sọjí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ imọ̀.

Lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan, òdòdó kan máa ń wà, èyí tó dàgbà níta, èyí tó kéré nínú. Àkọ́kọ́, akọ, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka. Èkejì, akọ. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, akọ. Ọmọ ìjọ yẹn ti ń kùn pé àsìkò ń lọ. Mo bọ́ ọ̀kan sí i, mo la apó tó bò ó, ọwọ́ mi sì dúró. Èyí kúkúrú, ó sanra, ẹ̀gún wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀. Abo ni. Mo bọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Abo. Mo tún bọ́ òmíràn, ó kéré bí àtàǹpàkò mi, abo náà ni.

Màmá Dúpẹ́ ti kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó lóyún," ó ní. "Aboyún la pa."

Sọjí gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sábẹ́ igi kan lókèèrè bí ẹni pé ó fẹ́ fi pamọ́. Àwọn èrò túká. Mọ́kàndínlógójì tó kù wà lóòró, wọ́n sì so nígbà tó yá, wọ́n so débi pé Màmá ń wá ẹni tí yóò bá òun kó ẹyìn. Ìjọ rẹ̀ ṣì ń gba imọ̀ lóko náà, méjì péré lórí igi kan, èyí tó ti gbó.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó sórí ọ̀pẹ tó wó, ó ń gbọn ìyẹ̀fun akọ kúrò lára ìró rẹ̀. Mo tiẹ̀ ń retí pé kó pariwo.

"Ọma mi," ó ní, "nígbà tí o ní kí ghan gé e, ṣé o mọ̀?"

Mo wo orí ọ̀pẹ tí mo ti tú palẹ̀.

"Mi ò mọ̀, Màmá."

"Kí ló wá dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀?"