Ìkarahun Kẹrin

Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá wa, mo ṣí àpótí rẹ̀. Òórùn kánfọ̀ gba imú mi, ìkarahun ìṣáwùrú kan sì jábọ́ láti etí gèlè.

Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn kan ni, odò Ọ̀ṣun fà débi pé omi kò ju orúnkún lọ. Èmi àti àwọn àbúrò mi méjèèjì lúwẹ̀ẹ́ títí ìka wa fi hunjọ. Ìyá wa ní kí n ṣa ìkarahun ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ òun. Mo ṣa mẹ́ta lórí iyanrìn gbígbóná. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ìkẹrin.

"Màámi, mẹ́ta la jẹ́!"

"Ta ló ní kí o máa ka ọmọ fún ọlọ́mọ?" Ó dì í mọ́ etí gèlè.

Mo ti bímọ kí n tó gbọ́ pé èmi kọ́ ni àkọ́bí.

Nídìí àpótí náà, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò mi bèèrè ẹni tó ni ìkarahun náà.

"Ẹ̀gbọ́n wa ló ni ín," ni mo wí.